Bakitéríà Bradyrhizobium nínú ilẹ̀ oko Nàìjíríà

Bradyrhizobium jẹ́ ìsọ̀rí bakitéríà kan tí ń gbé inú ilẹ̀, tí ó sì máa ń wọ inú gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀wà sóyà àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn tí ó bá wọn tan. Níbẹ̀ ni ó ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn náà. Àwọn tí ń bá ẹ̀wà sóyà gbé nínú ilẹ̀ oko Áfíríkà yàtọ̀ sí àwọn ti Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ yìí sì kan àpò àgbẹ̀ tààrà. Ní Ìbàdàn ni a ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ó mú un wá sójú táyé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

Nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ó jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kò lè lò ó bí ó ṣe wà. Ó dà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ létí òkun. Bakitéríà wọ̀nyí ní ẹnsáìmù kan tí a ń pè ní nitrogenase, èyí tí ń sọ náítírójìn di amóníà. Ohun ọ̀gbìn náà kì í gba iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́: ó ń fi ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe láti inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn bọ́ àwọn bakitéríà náà. Inú kókó róbótó tí ojú lè rí lára gbòǹgbò ni pàṣípààrọ̀ náà ti ń wáyé.

Kókó yìí kì í ṣe àrùn. Bí a bá fi èékánná là á sí méjì, tí inú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí ó fún un ní àwọ̀ pupa ni èròjà kan tí ó jọ èyí tí ó mú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ká ọ́síjìn lọ́wọ́ kò, nítorí pé ọ́síjìn máa ń ba nitrogenase jẹ́. Kókó tí inú rẹ̀ funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé kò mú nǹkan wá fún àgbẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣàwárí wọn

Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni ó kọ́kọ́ ya irú bakitéríà yìí sọ́tọ̀ láti inú kókó gbòǹgbò, ní ọdún 1888. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é kò tíì yí padà púpọ̀. A ó hú ohun ọ̀gbìn náà tìṣọ́ratìṣọ́ra, a ó fọ gbòǹgbò rẹ̀, a ó fi ọtí líle pa gbogbo kòkòrò tí ó wà lára ẹ̀yìn kókó náà, kí ó má baà jẹ́ pé èrò ọ̀nà ni a ó mú dípò onílé. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ kókó náà fọ́, tí a ó sì tan omi inú rẹ̀ sórí àwo oúnjẹ bakitéríà. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan lè hàn lórí àwo láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n Bradyrhizobium lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Ìlọ́ra yìí ni a fi sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí a yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1982. Ẹ̀rí ìkẹyìn ni pé kí a fi í sí ara irúgbìn tí a gbìn sínú iyanrìn tí kò ní bakitéríà kankan. Bí kókó bá yọ, a ti mú ẹni tí à ń wá.

Ẹ̀wà sóyà ní Nàìjíríà

Ní ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà sóyà wò ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, kò sì gbilẹ̀. Ẹ̀yà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Malayan ni ó fìdí múlẹ̀ ní agbègbè Benue láti ọdún 1937. Ní ìhà gúúsù, ibi ìdáná àti ilé-iṣẹ́ ni sóyà ti kọ́kọ́ wúlò: ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ni ó ṣe soy-ogi, ìyẹn ògì tí a fi sóyà kún kí ó lè ní èròjà tí ń mú ọmọ dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ògì bẹ́ẹ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ púpọ̀, sóyà ní láti pọ̀ lóko.

Malayan ń yọ kókó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ẹ̀yà tí a mú wá láti Amẹ́ríkà ń so dáadáa, àmọ́ bakitéríà Amẹ́ríkà, Bradyrhizobium japonicum, ni gbòǹgbò wọn ń dúró dè. A gbọ́dọ̀ rà á, kí a pò ó mọ́ irúgbìn kí a tó gbìn. Ohun abẹ̀mí ni, ooru sì ń pa á. Àpò rẹ̀ tí ó bá sùn nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí ní ìsọ̀ tí kò ní iná mànàmáná, lè ti kú kí ó tó dé oko, ojú kò sì lè dá òkú rẹ̀ mọ̀.

Ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, gba ọ̀nà mìíràn. Dípò kí wọ́n máa gbé bakitéríà àjèjì tọ sóyà wá, wọ́n fi ẹ̀yà tí ń bá bakitéríà ilẹ̀ wa tan gba ìran pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà Amẹ́ríkà tí ń so dáadáa. Àwọn ọmọ tí a rí ni à ń pè ní TGx. Mo rò pé ìpinnu tí ó gbọ́n jù lọ nínú ìtàn sóyà ní ilẹ̀ yìí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yanjú gbogbo ọ̀ràn.

Ta gan-an ni àwọn bakitéríà ilẹ̀ wa yìí? Ní ọdún 2000, Robert Abaidoo, onímọ̀ ọmọ Gánà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n yọ láti inú kókó TGx ní Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọ́n rí i pé wọ́n jẹ́ oríṣiríṣi, wọ́n sì yàtọ̀ sí àwọn tí ń bá sóyà Amẹ́ríkà gbé.

Bí ojú ọjọ́ ṣe ń ya bakitéríà sọ́tọ̀ hàn gbangba ní ibi tí òtútù ti ń ṣe ohun tí ooru ń ṣe níhìn-ín. Ní oko orí òkè Himalaya ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ní ìlú Almora rí Pseudomonas lurida M2RH3, tí ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó há sínú ilẹ̀ sílẹ̀ fún àlìkámà, tí òtútù kò sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Àríyànjiyàn tí ó kù

Kì í ṣe gbogbo oko ni bakitéríà onílé ti pọ̀ tó. Ìdánwò tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ní àwọn ilẹ̀ kan, TGx pàápàá ń so jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi bakitéríà kún irúgbìn rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn kò sí ìyàtọ̀. Ètò N2Africa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, tún gbé ọ̀nà àtijọ́ dìde, IITA fúnra rẹ̀ sì ń ṣe àpò bakitéríà kan tí à ń pè ní NoduMax ní Ìbàdàn. Bakitéríà tí ó wà nínú rẹ̀ ni B. japonicum, ti Amẹ́ríkà.