Tírákítọ̀ Kò Sítáàtì? Ẹ Kọ́kọ́ Tẹ̀lé Ọ̀nà Epo

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ṣáṣá, Mọ́níyà àti àwọn abúlé Akínyẹlé, gbogbo olóko ló ń wá tírákítọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹ wá fara ṣe wàhálà rí gbà lè wá kú sáàárín oko. Ẹnì kan á wò ó fìrí, á ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́, ẹ ó sì máa wá owó kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, pọ́ǹpù kọ́. Ìdọ̀tí, omi tàbí atẹ́gùn ló wọ ọ̀nà epo, sípánà méjì mẹ́ta sì tó láti wá a rí.

Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe lọ. Dísù wà nínú táńkì. Ohun tí wọ́n ń pè ní lift pump ló ń fà á jáde. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní pọ́ǹpù kékeré. Dísù náà ń gba inú fítà kọjá, bí ẹni ń sẹ́ ògì, kó tó dé ọ̀dọ̀ injection pump, ìyẹn pọ́ǹpù ńlá. Pọ́ǹpù ńlá ló ń wọn epo, tó sì ń fi tipátipá rán an gba àwọn páìpù irin tín-ínrín lọ sí nósù. Nósù ló ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń fín oògùn ẹ̀fọn. Mẹ́rin ni nósù tírákítọ̀ Massey Ferguson 375.

Kí ló dé tó fi nílò tipátipá? Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Èyí tí Rudolf Diesel, ẹnjiníà ará Jámánì, gbé jáde ní 1897 ń tẹ atẹ́gùn mọ́lẹ̀ títí á fi gbóná, tí epo tó bá kàn án á fi gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ẹnu pọ́ǹpù máa ń gbóná. Nínú ẹ́ńjìnnì Perkins tó wà nínú 375, atẹ́gùn náà ń súnkì títí á fi ku ìdá kan nínú 16 àyè tó gbà tẹ́lẹ̀. Epo gbọ́dọ̀ lágbára kó tó lè wọlé bá a.

Epo kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀. Tí atẹ́gùn bá wà nínú páìpù, agbára pọ́ǹpù ńlá á parí sórí fífún atẹ́gùn yẹn pọ̀, bí ẹni ń fẹsẹ̀ tẹ fóòmù. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní “ó ti fa éà” nìyẹn.

Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táńkì. Ṣé epo wà níbẹ̀? Ṣé ohun tí ẹ ń fà tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú ti padà sáyè rẹ̀? Ẹ wá wo ìdérí. Tí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sára agolo mílíìkì, mílíìkì ò ní dà dáadáa, àfi tí ẹ bá lu ìkejì kí atẹ́gùn lè rí ibi wọlé. Ìdérí táńkì ní irú ihò bẹ́ẹ̀, eruku sì máa ń dí i. Tírákítọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa fúngbà díẹ̀, á kú. Ẹ ó sinmi, á tún sítáàtì. Nígbà tó bá tún kú, ẹ tú ìdérí. Tí ẹ bá gbọ́ tó fa atẹ́gùn “fìì”, ẹ ti rí i.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ra dísù, a kì í sì í mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Láàárọ̀, kí ẹ tó sítáàtì, ẹ tú ìdè abẹ́ fítà, kí ẹ gbe epo díẹ̀ sínú ìgò funfun. Bí omi bá wà níbẹ̀, á yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dà títí á fi ku dísù nìkan. Dísù yìí kan náà ló ń fi ọ̀rá sí pọ́ǹpù ńlá lára, nítorí náà omi tàbí kẹrosíìnì tí wọ́n bù mọ́ ọn ń jẹ ẹ́ run. Ẹ máa kún táńkì nírọ̀lẹ́, torí àyè òfìfo inú rẹ̀ máa ń làágùn lóru bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún dáadáa lórí ìdúró, àmọ́ tí kò lágbára mọ́ bí ohun ìtúlẹ̀ bá ti wọlẹ̀, fítà ni kí ẹ fura sí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá ti pààrọ̀ fítà, tàbí tí epo tán pátápátá, atẹ́gùn ti wọlé nìyẹn. Ẹ tú ìdè kékeré orí fítà, kí ẹ máa fi ọwọ́ gbé irin ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù kékeré sókè sódò. Bí irin náà bá rọ̀ lọ́wọ́ yín tí kò fa nǹkan kan, ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ẹ tún un gbìyànjú. Ìfófòó á kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó bá di epo lásán, ẹ dì í bó ṣe ń dà lọ́wọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pọ́ǹpù ńlá náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ orí nósù, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá, kó jẹ́ kí bátìrì sinmi, kó tún un yí. Tí epo bá ti tú jáde, ẹ dì wọ́n padà.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹ epo tó ń tú níbẹ̀ wò láé. Ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ á dà bíi ti abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Páálí ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò.

Bí atẹ́gùn bá tún padà lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ọ̀nà láti táńkì dé pọ́ǹpù kékeré. Fífà ni pọ́ǹpù náà ń fa epo níbẹ̀, ibẹ̀ sì lè fa atẹ́gùn wọlé láìjò síta rárá. Rọ́bà tó ti sán tàbí wáṣà bàbà tí wọ́n tún lò ló sábà máa ń fà á.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí láìsítáàtì, tí kò rú èéfín kankan, epo ò dé ibẹ̀. Èéfín funfun túmọ̀ sí pé epo dé, kò jó tán. Bó bá dúdú, ẹ kọ́kọ́ wo fítà atẹ́gùn.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti mọ́ ni ọ̀rọ̀ tó kan nósù àti pọ́ǹpù ńlá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú pọ́ǹpù ńlá sábẹ́ igi nínú oko; ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò ni kó lọ. Kí wọ́n sì tó gbé e kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ so ẹnu gbogbo páìpù, torí eruku oko tí ojú ò rí tó láti ba nósù tuntun jẹ́.