Abẹ́ Awọ Àtijọ́ Ni Tàràńtúlà Ti Ń Múra

Erékùṣù Martinique ní Òkun Kàríbíà ni Caribena versicolor ti wá, ọ̀kan nínú àwọn aláǹtakùn ńlá onírun tí à ń pè ní tàràńtúlà, tí àwọn kan ń sìn nínú ilé. Nígbà tó ṣì kéré, búlúù ni látòkè délẹ̀, ó sì ń dán yanran. Kó tó gbó tán, èèpo tó bo orí àti àyà rẹ̀ á ti di àwọ̀ ewé, irun ikùn rẹ̀ á sì ti pọ́n. Oúnjẹ tàbí ooru ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sìn ín máa ń kọ́kọ́ fura sí. Lójú tèmi, irun ara rẹ̀ gan-an ló yẹ ká wò. Irun tó bá ti hù tán ti di òkú. Kò sí ọ̀nà tí ẹranko náà lè gbà pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Agẹmọ lè wà lórí ẹ̀ka kan kó máa pa àwọ̀ dà, nítorí inú ẹran ara tó ń mí ni àwọ̀ tirẹ̀ wà. Ní ti tàràńtúlà, àfi kó bọ́ awọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ irú tó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń fi ẹsẹ̀ gbọn irun ikùn wọn lu ọ̀tá, ojú ibẹ̀ a sì pá. Bí ọjọ́ àtibọ́ awọ bá ti ń súnmọ́lé, ẹranko náà á kọ oúnjẹ, ojú ibi tó pá náà á sì dúdú. Èyí ni àwọn kan fi ń jiyàn pé àwọ̀ lè yí padà láìbọ́ awọ. Ṣùgbọ́n irun tuntun tó ti hù sábẹ́ awọ àtijọ́ ni ojú ń rí. Nígbà tó bá yá, á fẹ̀yìn lélẹ̀, awọ á là, á sì máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. Eyín oró rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun, á pọ́n, kó tó wá dúdú kó sì le. Tàràńtúlà Hysterocrates gigas ti ilẹ̀ Kamẹrúùn á ti pọ́n bí irin tó dípẹtà kó tó bọ́ awọ, á sì jáde ní dúdú. Irun tó gbó ló bọ́ dànù níbẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ àgbà ló dé.

Ẹnìkan lè bi mí pé Misumena vatia ńkọ́, aláǹtakùn kékeré orí òdòdó tó ń ti funfun bọ́ sí yẹ́lò láìbọ́ awọ? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n awọ tirẹ̀ mọ́ gaara, abẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ náà ń gbà wá. Búlúù tàràńtúlà kò tilẹ̀ ti inú aró kankan wá. Ìwádìí kan tó jáde nínú Science Advances ní 2015 fi hàn pé bí irun náà ṣe tò nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú lásán kò lè dé, ló ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà, àti pé ó kéré tán, ìgbà 8 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni búlúù yìí ti jẹyọ láàárín wọn. Oúnjẹ kò lè tún irun tó ti hù tò. Ohun tó lè ṣe ni pé kó mú ẹranko náà tètè dàgbà, kó sì tètè bọ́ awọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àwọn tó ń yin oúnjẹ ti wá. Tàràńtúlà Cyriopagopus lividus ti Myanmar àti Thailand la ọ̀rọ̀ náà yé wa: nínú agolo kan náà, lórí oúnjẹ kan náà, búlúù ni abo rẹ̀ yóò máa jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí akọ bá bọ́ awọ tó sọ ọ́ di àgbà, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń gbé jáde. Akọ tó ti dàgbà tán kì í sábà bọ́ awọ mọ́, nítorí náà àwọ̀ yẹn ni yóò wà lára rẹ̀ títí tí yóò fi kú.