Wọ́n rí bàálù ní Lísà, wọn ò rí ohun tó já a lulẹ̀

Bàálù Bellview gbéra ní Ìkẹjà lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ó ń lọ sí Àbújá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀. Èrò 111 ló gbé, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 6. Awakọ̀ bá àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó tún pe àwọn bó bá dé gíga ẹsẹ̀ bàtà 13,000. Kò pè mọ́. Ìrìn-àjò tí kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ilẹ̀ mọ́ lé e lórí láìsí ẹni tó lè sọ ibi tó wà.

Ká ní inú agbami òkun ló já sí ni, à bá ní omi ló gbé e mì. Lísà ló já sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Láti ibẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 26 lọ, kò sì tó 40 sí Ìlaró lójú òfurufú. Àwa ìhà Yewa, láti Tube àti Ayétòrò wá, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ká kúkú pè é.

Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ Sunday, ohun tó ti ẹnu àwọn aláṣẹ jáde ni pé wọ́n ti rí bàálù náà nítòsí Kìṣí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti pé èyí tó ju ìdajì àwọn èrò lọ ló yè. Láti Lísà sí Kìṣí lé ní kìlómítà 200! Àwọn ẹbí ti ń dúpẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n AIT tó gbé àwòrán Lísà jáde: kòtò tó jìn, irin wẹ́wẹ́, ègé aṣọ àti ìwé. Kò sí ẹni tó yè nínú àwọn 117. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìròyìn ikú Stella Obasanjo, ìyàwó ààrẹ, dé láti Spain. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wá ti AIT pa fún wákàtí díẹ̀ nítorí àwòrán náà. Títí dòní, n ò rí ọgbọ́n tó wà nínú kí á fìyà jẹ ẹni tó rí òótọ́, kí ẹni tó gbé ìròyìn Kìṣí jáde máa lọ ní tirẹ̀.

Báwo ni bàálù ńlá ṣe ń sọnù nítòsí ilé báyìí? Rédà méjì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ojú òfurufú. Ọ̀kan á ta ìgbì jáde, ìgbì náà á lu ara irin, á sì padà wá sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Èkejì á béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kan nínú bàálù tí wọ́n ń pè ní transponder á dá a lóhùn, á sọ ẹni tó jẹ́ àti bó ṣe ga tó. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, orúkọ bàálù á pa rẹ́ lójú rédà. Lọ́dún 2005, Nàìjíríà kò tíì ní rédà tó bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 2010 ni iṣẹ́ TRACON tó wà fún ìyẹn parí. Kó tó dìgbà náà, ẹnu awakọ̀ ni wọ́n ń wò lójú ọ̀nà tó pọ̀. Bí awakọ̀ kò bá sì pè, ó lè jẹ́ rédíò rẹ̀ ló bàjẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ti já.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó yẹ kó máa ké sí sátẹ́láìtì bí bàálù bá já, ELT lorúkọ rẹ̀. Bí ìjábọ̀ bá le jù, òun náà á fọ́. Ẹ wo bàálù kékeré Beechcraft ti Wings Aviation tó gbéra ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2008, tó ń lọ sí Bebi lẹ́bàá Obudu, tó gbé èèyàn 3. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Àwọn ọdẹ ló padà rí i nínú igbó orí òkè ní ìpínlẹ̀ Cross River, ní ìparí oṣù Kẹjọ.

Ní ti Lísà, ibi tí bàálù wà hàn lọ́jọ́ kejì. Ohun tó já a ni kò hàn. Ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń pè ní àpótí dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń kùn wọ́n, ló máa ń gba ohùn àwọn awakọ̀ àti ìṣesí bàálù sílẹ̀. Ní Lísà, àwọn olùwádìí kò rí wọn lò. Ilẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n lè bi léèrè.

Ilẹ̀ máa ń sọ díẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù fọ́ bàálù UTA ilẹ̀ Faransé lójú òfurufú Niger ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, tí èèyàn 170 kú, àfọ́kù rẹ̀ fọ́n káàkiri aṣálẹ̀ Ténéré. Kòtò kan ṣoṣo ni ti Lísà: bàálù náà fi orí sọlẹ̀ pẹ̀lú eré burúkú. Ìyẹn jọ bàálù tó ṣì wà lódidi tí ọwọ́ kò ká mọ́. Ìdí tí ọwọ́ kò fi ká a ni kò sí nínú kòtò.

Nínú òkùnkùn, láàárín ìkùukùu, awakọ̀ kì í rí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Omi tó wà nínú etí, tó ń jẹ́ ká mọ̀ bí a bá fì, máa ń purọ́ fún un: bàálù lè máa fì díẹ̀díẹ̀ sápá kan, kó máa rò pé ó dúró gbọnrangandan. Ojú ẹ̀rọ nìkan ló yẹ kó gbà gbọ́ nígbà náà. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í tètè gbà á gbọ́. N ò sọ pé bó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn o. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó ṣeé ṣe ni.

Àjọ AIB tó wádìí rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan báyìí ló fà á. Wọ́n sọ pé ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá awakọ̀ gbà kó tó di ọ̀gá lórí Boeing 737 kò tó, pé iṣẹ́ tó ṣe láwọn ọjọ́ tó ṣáájú pọ̀ débi pé ó lè ti rẹ̀ ẹ́. Wọn kò lè sọ bí ara rẹ̀ ṣe dá lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí kò sí òkú tó ṣeé yẹ̀ wò. Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀, wọn ò lè díwọ̀n ohun tó ṣe. Lójú tèmi, gbólóhùn tó wúwo jù ni èyí tó sọ pé bàálù náà ní àbùkù, pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó gbéra rárá lọ́jọ́ náà, àti ṣáájú ọjọ́ náà pàápàá. Wọ́n tún ní NCAA, àjọ tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé-iṣẹ́ Bellview, kò ṣọ́ ọ tó. Ìyẹn ò nílò àpótí dúdú kankan kó tó hàn.

Àwọn mìíràn rí ìdáhùn gbà. Air France 447 já sínú òkun Atlantic ní oṣù Kẹfà ọdún 2009 pẹ̀lú èèyàn 228. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó rí àpótí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé yìnyín dí ihò tó ń díwọ̀n eré bàálù, tí ọ̀rọ̀ sì dàrú mọ́ àwọn awakọ̀ lọ́wọ́. MH370 ilẹ̀ Malaysia, tó sọnù ní oṣù Kẹta ọdún 2014 pẹ̀lú èèyàn 239, kò rí bẹ́ẹ̀: ègé ìyẹ́ rẹ̀ kan ni omi gbé dé erékùṣù Réunion lọ́dún 2015, èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ ṣì wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

MH370 yìí ló mú kí ICAO, àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ṣe òfin pé bàálù ńlá tó bá wà nínú ewu gbọ́dọ̀ máa fi ibi tó wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àmọ́ àwọn bàálù tó gba ìwé àṣẹ ìfò àkọ́kọ́ wọn láti ọdún 2024 wá nìkan ló mú. Àwọn àgbà Boeing 737 tó ṣì ń ná Ìkẹjà sí Àbújá kò sí lára wọn.