Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣe Ìpinnu Lórí Ènìyàn, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2021, gbogbo ìgbìmọ̀ mínísítà orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń gba owó orí níbẹ̀ ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan láti tọ́ka sí àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa lu ìjọba ní jìbìtì. Ọ̀kan nínú ohun tí ètò náà ń wò ni bóyá ẹni tó béèrè owó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí àjèjì. Bí ìfura bá ti bọ́ sórí ẹnìkan, wọn a dá owó rẹ̀ dúró, wọn a sì ní kí ó dá èyí tó ti gbà sẹ́yìn padà, nígbà mìíràn nítorí pé ó gbàgbé láti fọwọ́ sí ibì kan péré nínú fọ́ọ̀mù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló tipa bẹ́ẹ̀ wọ gbèsè. Àwọn kan pàdánù ilé wọn.

Nígbà tí àwọn òbí mìíràn béèrè fún fáìlì wọn, ìwé tí wọ́n ti fi yíǹkì dúdú pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ ni wọ́n fún wọn. Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí fáìlì jẹ́. Bí ó ti wù kí ó dọ̀tí tó, ẹnìkan fọwọ́ sí i, a sì lè pe onítọ̀hún kí ó wá ṣàlàyé. Ẹ̀rọ kì í fọwọ́ síwèé. Àlàfo yìí gan-an ni àwọn ìjọba àgbáyé ń fi òfin dí báyìí.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní AI, jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá kọ́, tí ó sì ń fi ohun tó kọ́ ṣe ìpinnu lórí ohun tí kò rí rí. Bí ojúsàájú bá wà nínú àkọsílẹ̀ náà, ojúsàájú náà ni yóò máa ṣe, láìrẹ̀ ẹ́, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lójúmọ́.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Nẹ́dálándì jẹ́ ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 27 inú rẹ̀, ti ṣe òfin kíkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 1 oṣù Ògún ọdún 2024 ni òfin náà fìdí múlẹ̀, ewu tí ẹ̀rọ lè mú bá ènìyàn ni ó sì fi ń díwọ̀n ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan di èèwọ̀ pátápátá láti oṣù Èrèlé ọdún 2025. Agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ìwé kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ máa wo ojú ènìyàn láti mọ bí inú rẹ̀ ti rí, àyàfi fún ìlera tàbí ààbò. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ máa kó àwòrán ojú àwọn ènìyàn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdá ẹnìkan sí. Àwọn ẹ̀rọ tó ń yan ẹni tí yóò ríṣẹ́, ẹni tí yóò wọ ilé ìwé, ẹni tí a ó yá lówó tàbí ẹni tí ìjọba yóò ràn lọ́wọ́ kò di èèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo wà lọ́rùn àwọn tó ni wọ́n: kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ wò fún ojúsàájú, kí ènìyàn tó lágbára láti yí ìpinnu ẹ̀rọ padà sì máa mójú tó o. Oṣù Ògún ọdún 2026 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún apá yìí; ní oṣù Bélú ọdún 2025 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà dábàá pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, nítorí ariwo àwọn ilé iṣẹ́ kò mọ níwọ̀n. Owó ìtanràn fún ẹni tó bá ṣe ohun tó jẹ́ èèwọ̀ lè tó mílíọ̀nù 35 yúrò, tàbí ìdá 7 nínú 100 gbogbo owó tó pa lágbàáyé lọ́dún kan.

Òfin náà kò dúró sí ẹnu ibodè Yúróòpù. Bí ọ̀dọ́ kan ní Èkó bá ṣe áàpù tó ń ṣa ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́, tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì sì rà á lò, òfin náà kàn án. Àwọn ará wa tó wà ní Ítálì àti Jámánì wà lábẹ́ ààbò rẹ̀. Àwọn tó wà ní London kò sí níbẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú àjọ náà láti ọdún 2020.

Níbòmíràn, ọ̀nà wọn yàtọ̀. Ní Ṣáínà, láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2025, dandan ni kí a fi àmì sí àwòrán, ohùn tàbí ìwé tí ẹ̀rọ bá ṣe. Ní Amẹ́ríkà, àṣẹ tí Ààrẹ Biden pa ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Trump fagi lé ní ọjọ́ tó gorí àléfà. UNESCO gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní ọdún 2021, Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìkéde Bletchley ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sì fọwọ́ sí ètò tirẹ̀ ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024. Ìwé tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ará ìlú lè gbé lọ sílé ẹjọ́ nínú wọn.

Èyí tí ẹ lè gbé lọ ti wà nílé. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sọ ní abala 37 pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe wà lábẹ́ ìpinnu tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é, bí ìpinnu náà bá kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ tàbí ìgbé ayé rẹ̀ gidigidi. Òfin náà yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀: ohun tí òfin mìíràn bá fàyè gbà, ohun tí àdéhùn bá sọ di dandan, àti ohun tí ẹ bá fúnra yín gbà sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ áàpù ayánilówó ti ń mú wa, nítorí a máa ń tẹ “mo gbà” láìkà á. Síbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti gbà, ẹ ṣì lè béèrè pé kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì ta ko ìpinnu náà.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìpinnu náà, ẹ dárúkọ abala 37, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà. Àjọ náà lágbára láti bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin náà: mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.