Àìsàn Tí Ń Bá Obìnrin Jà Láti Inú

Ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í pa ilé-ìwé jẹ. Lójijì, a kò rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo lọ sí ilé wọn. Ìdí iná tí wọ́n fi ń yan ẹja ni mo ti bá a, èéfín bo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, akíkanjú alájàpá tí wọ́n mọ̀ dáadáa lọ́jà Igbókọ̀dá, wà lórí ẹní. Oríkèé rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ń re, egbò wà lẹ́nu rẹ̀, àmì kan sì nà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì bí ìyẹ́ labalábá.

Ọdún kejì rèé. Wọ́n ti tọ́jú ibà, wọ́n ti tọ́jú làkúrègbé, kò gbọ́. Àwọn ẹbí ọkọ ní ayé ló ń ṣe é; wọ́n tilẹ̀ ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ọkọ rẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní lupus ni.

Kí ni ń jẹ́ lupus? Ọlọ́run fi ọmọ-ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ-ogun náà ṣi onílé mú fún olè: wọ́n kọjú ìjà sí oríkèé, sí awọ ara, àti sí kíndìnrín. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Nínú ènìyàn 10 tí ó ń ṣe, bí 9 ni obìnrin. Láàárín ọdún 15 sí 45 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí obìnrin ń bímọ, tí ó sì ń ṣòwò. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Kì í ràn rárá. Ẹ má ya abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Selena Gomez, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, ni ó ní lupus tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fún un ní kíndìnrín kan ní 2017. Ṣé àjẹ́ etíkun wa ló wọ ọkọ̀ lọ bá a lọ́hùn-ún ni?

Kò tí ì sí oògùn tí ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ń dá a dúró. Hydroxychloroquine, ìbátan oògùn ibà chloroquine tí a mọ̀ láyé àtijọ́, wà lára wọn. Kí ẹnikẹ́ni má dá a rà lọ́jà o! Dókítà ni ó ń díwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú ẹni tí ń lò ó wò. Oòrùn a máa ru àìsàn náà sókè; kí ẹni tí ó ní in yẹra fún sísá ẹja lọ́sàn-án gangan.

Ní báyìí, bàbá ọmọ náà ni ó ń yan ẹja ní ìdájí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, kò dá wọn lóhùn. Ìyá ń tajà lábẹ́ ibòji. Lọ́jọ́ mìíràn, kò lè dìde. Ṣùgbọ́n ọmọ ti padà sí kíláàsì.

Ẹ̀yin ọkọ, bí oríkèé bá ń wú ìyàwó yín, tí irun ń re, tí àárẹ̀ kò lọ, ẹ má fi jẹ àjẹ́ níyà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.