Ẹ Wo Ojú Bébà Kí Ẹ Tó Sanwó: Ẹ̀rọ Fótókópì Ń Sọ Ibi Tó Ń Dùn Ún

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ fótókópì rí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó jókòó bí àpótí, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá yarí, ẹni tó ni ín á káwọ́ lérí, á ní kí wọ́n bá òun pe ẹnjiníà. Iye tí ẹnjiníà bá sì pè ni yóò san.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Alángbá lè má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fótókópì ń sọ̀rọ̀. Ojú bébà tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìyí o. Ẹ wo iwájú ilé ẹjọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ sẹkitéríàtì l'Ágodi n'Ìbàdàn, ẹ wo Ṣómólú l'Ékòó níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí. Àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ yìí, ọmọ yín ni, ìyàwó àbúrò yín ni, àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Owó àjọ tàbí owó kọpuréétìfù ni ọ̀pọ̀ fi ra tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń lò. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ṣé olórí àjọ á dúró de ẹnikẹ́ni?

BÍ INÚ RẸ̀ ṢE RÍ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ara aláìsàn ṣe rí. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Chester Carlson, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Òun àti Otto Kornei tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1938, ní àdúgbò Astoria ní New York. Wọ́n fi imí ọjọ́ bo ojú irin pẹlẹbẹ kan. Wọ́n fi áńkáṣíìfù nù ún kíkankíkan títí agbára iná fi bà lé e. Wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ̀wé sí lé e, wọ́n tan iná sí i. Nígbà tí wọ́n da ètù kúnná lé e, ibi tí ìwé wà nìkan ni ètù náà lẹ̀ mọ́. Wọ́n wá tẹ bébà tí wọ́n fi ìda ra lé e, wọ́n mú un gbóná, ìwé sì lẹ̀ pinpin. Ó tó ọdún 1959 kí ilé iṣẹ́ Xerox tó gbé ẹ̀rọ 914 jáde, èyí tó sọ iṣẹ́ náà di ti gbogbo ọ́fíìsì.

Iṣẹ́ yẹn náà ni ẹ̀rọ tòní ń ṣe. Agbára tó ń jẹ́ kí kóòmù tí ẹ fi ya irun fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra, òun ló ń fa ètù dúdú tí à ń pè ní tónà. Ara ọ̀pá róbótó kan tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní dúrọ́ọ̀mù, ni tónà ń lẹ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ló ń bọ́ sórí bébà. Bébà á wá gba àárín rólà gbígbóná kọjá, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní fúsà. Fúsà ni áyọ́ọ̀nù ẹ̀rọ yìí. Bí télọ̀ ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay mọ́ kọ́là ẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ́ tónà mọ́ bébà.

ÌLÀ DÚDÚ GBỌỌRỌ

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan á bẹ̀rẹ̀ láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀. Oníbàárà á kọ̀ ọ́. Ẹnì kan á dé, á ṣí ẹ̀rọ wò, á mirí, á ní, "Mọ́mì, dúrọ́ọ̀mù ti kú." Mọ́mì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó dúrọ́ọ̀mù kiri.

Ẹ dúró ná! Ẹ gbé ìwé kan lé orí gíláàsì ńlá, ẹ ṣe ẹ̀dà kan. Ẹ tún ki ìwé kan náà sí ẹnu òkè tó ń fa ìwé wọlé fúnra rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì. Bí ìlà bá wà lára ti òkè, tí kò sí lára ti gíláàsì ńlá, dúrọ́ọ̀mù kọ́ o. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ńlá, ibẹ̀ ni ìwé tó bá wọlé láti òkè ń gbà kọjá. Típẹ́ẹ̀sì tí kò gbẹ tàbí gọ́ọ̀mù tó kán síbẹ̀, bó kéré bí orí abẹ́rẹ́, á di ìlà gbọọrọ, nítorí pé ìwé ń rìn kọjá lórí rẹ̀ ni. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rọ̀, tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀, nù ún. Ó tán.

Bí ìlà bá wà lára ẹ̀dà méjèèjì, ìgbà yẹn la tó lè fura sí dúrọ́ọ̀mù, tàbí abẹ tó ń gbá àjẹkù tónà kúrò lára rẹ̀.

ÀMÌ TÓ Ń PADÀ WÁ

Bó bá jẹ́ pé àmì kékeré ló ń tún ara rẹ̀ ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ mú rúlà. Ṣé ẹ rí táyà kẹ̀kẹ́ tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ lójú kan? Bó bá ti yí ká tán ló ń tẹ ẹrẹ̀ náà sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30, àyíká rẹ̀ á tó mílímítà 94. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ yín, tí àmì sì ń padà wá ní mílímítà 94, dúrọ́ọ̀mù náà ló gbọgbẹ́. Bí ìwọ̀n bá yàtọ̀, rólà mìíràn ni kí ẹ wò. Ẹ bi ẹnjiníà yín pé, "Báwo ni àyíká dúrọ́ọ̀mù ẹ̀rọ mi ṣe tó?" Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn.

ÌWÉ TÓ Ń PARẸ́, ÌWÉ TÍ KÒ HÀN

Ẹ fi ìka ra ojú ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí dúdú rẹ̀ bá ń ṣí sí yín lọ́wọ́, áyọ́ọ̀nù kò gbóná tó ni. Ó lè jẹ́ fúsà, ó lè jẹ́ pé bébà nípọn jù tàbí ó tutù, ó sì lè jẹ́ pé iná tó ń wọlé kò lágbára.

Bí ìwé bá jáde ràkọ̀ràkọ̀, ẹ nu gíláàsì, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì tó ń dín dúdú kù, kí ẹ tó sọ pé tónà ti tán. Bó bá jáde funfun báláú ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé yín kọjú síbi tó yẹ. Bí tónà tuntun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ẹ wò ó bóyá ẹ ti fa ọ̀já tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ yọ.

BÉBÀ TÓ HÁ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní ń le koko. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa bébà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Bó bá ya, ẹ tò ó pọ̀ kí ẹ rí i pé kò kù síbì kan, nítorí àkísà bébà tó bá ṣẹ́kù sínú ni yóò há òmíràn. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin yọ ọ́ láéláé.

Nígbà òjò, bébà ń fa omi sára, ó ń ká, ó ń há. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá ríìmù rẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó. Nígbà ọyẹ́, bébà a máa lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ẹ́ káàkiri kí ẹ tó kó o sí i. Bó bá ṣì ń há lẹ́yìn èyí, rólà tó ń fa bébà ti lè dán jù. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wò ó.

BÍ ẸNJINÍÀ BÁ DÉ

Bí ẹ̀rọ bá gbé nọ́ńbà àìsàn sójú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Canon, E000 ń sọ pé ooru fúsà kò gòkè bó ṣe yẹ. Lára ti Ricoh, lẹ́tà SC ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á kàn tẹ bọ́tìnnì mélòó kan, nọ́ńbà á lọ, wọ́n á gbowó. Ẹni tí kò wo fúsà kò tíì tún nǹkan kan ṣe! Omi ń hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fúsà ń gbóná tó 180 sí 200. Ẹ̀rọ 914 ọjọ́sí gan-an, nítorí bébà tó lè gbiná nínú rẹ̀, wọ́n máa ń kó ohun ìpaná kékeré tì í ni. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù yín.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, iye bébà tí ẹ̀rọ ti kà, àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí i. Ẹ gba ògbólógbòó ohun tí wọ́n yọ, kí ẹ fojú rí i. Ẹ bi wọ́n bóyá tónà tí wọ́n fẹ́ rọ sí i jẹ́ ti irú ẹ̀rọ yín, nítorí kì í ṣe gbogbo ètù dúdú ló bá a mu.

ẸSẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ KỌJÁ IBÍ

Ẹ má fọwọ́ kan ojú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ tónà tó dànù. Bó bá ta sí aṣọ, omi tútù ni kí ẹ fi ṣan án, torí omi gbígbóná á yọ́ ọ mọ́ aṣọ. Ẹ̀rọ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 120 síbẹ̀, iná tiwa tó jẹ́ 230 á sun ún àfi bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí i. Bí fúsà bá sì ń gbóná, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń fa iná tó ju wọ́ọ̀tì 1,000 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e.

A kò bú àwọn ẹnjiníà o. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ dáadáa pọ̀ láàárín wọn, inú wọn sì ń dùn bí oníbàárà bá lè sọ ohun tó rí. Ẹ̀dà tó bàjẹ́, ẹ má jù ú nù. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ nà sí wọn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Bí ẹ bá ní irú àìsàn ẹ̀rọ tí a kò kàn níbí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà ojú ewé yìí kan fún ẹni tó jókòó tì yín.