Ẹni Tí A Fi Owó Ṣọ́ Ni Yóò Ròyìn Rẹ̀

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ Ìrẹsà tí ó bá ta iṣu rẹ̀ ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, inú àpò ẹ̀wù ni ó ń kó owó rẹ̀ sí bọ̀ wálé. Lónìí, káàdì báńkì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rajà. Bí olè bá jí àkọsílẹ̀ káàdì náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ta ọjà fún wa, ta ni yóò dáhùn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní òpin ọdún 2013, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà jí àkọsílẹ̀ káàdì tí ó tó 40 mílíọ̀nù ní ilé ìtajà ńlá tí a ń pè ní Target. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tí ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ amóhuntutù ni wọ́n gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n para pọ̀ pe ẹjọ́. Ní 2015, Target gbà láti ya 10 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ará ìlú, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2023, sọ ní abala 51 pé ẹni tí ó bá pàdánù nítorí pé a rú òfin náà lè gba owó gbà-má-bínú ní ilé ẹjọ́. Lóòótọ́, ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ tí ń mú òfin náà ṣẹ bu ìtanràn tí ó lé ní ₦766 mílíọ̀nù lé MultiChoice lórí, nítorí ọwọ́ tí ó fi mú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìtanràn kì í ṣe owó gbà-má-bínú. Kì í dá ohun tí ó sọnù padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ta ni yóò gba lọ́yà nítorí ₦20,000? Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi òfin yìí kọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè kà á fún àwọn òbí wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún pé kí wọ́n mú un rọrùn fún tálákà láti para pọ̀ pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá bèèrè, inú ìwé lásán ni yóò wà.